John Paul Scott: onímọ̀ tó ka ọ̀sẹ̀ tí ọmọ ajá fi ń di ará ilé

Àwọn tó ń sin ajá nílé káàkiri ayé ń lo ìmọ̀ ọkùnrin kan lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ orúkọ rẹ̀. John Paul Scott ni orúkọ náà. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Ìlú Kansas City ni wọ́n ti bí i ní oṣù Kejìlá ọdún 1909, ó sì dágbére fáyé ní ọdún 2000 lẹ́ni 90 ọdún. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi hàn gbangba pé ohun tí ojú ọmọ ajá bá rí láti ọ̀sẹ̀ 3 sí ọ̀sẹ̀ 12 tí wọ́n bí i ló máa ń sọ bóyá yóò bá èèyàn gbé ní ìrọ̀rùn, tàbí yóò máa sá fún èèyàn títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

A mú ìtàn rẹ̀ wá sójú ewé yìí nítorí pé ajá kò ṣọ̀wọ́n nínú agboolé wa, yálà ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní àwọn abúlé tó yí wọn ká. Àwọn kan ń sìn ín fún ọdẹ, àwọn kan fún ìṣọ́ ilé, àwọn mìíràn sì ń jẹ́ kó bímọ kí wọ́n lè ta ọmọ rẹ̀. Èyí tó bá bu ọmọdé jẹ nínú wọn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán sí ẹnu ọ̀nà olówó rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a mọ ohun tí ọkùnrin yìí rí.

Láti ọ̀dọ̀ ẹmọ́ òyìnbó dé ọ̀dọ̀ àgùntàn

Olùkọ́ ìmọ̀ ẹranko ni bàbá Scott ní Yunifásítì Wyoming, ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí màlúù àti àgùntàn ti pọ̀. Níbẹ̀ náà ni ọmọ rẹ̀ ti kàwé gboyè ní ọdún 1930. Lẹ́yìn náà ló rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Rhodes gbà, ó sì lọ sí Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún méjì. Nígbà tó padà dé, ó wọ Yunifásítì Chicago, ó sì di ọmọ ẹ̀kọ́ Sewall Wright, ọ̀kan lára àwọn ògbóǹtarìgì tó kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ọmọ ṣe ń jogún àbùdá òbí rẹ̀. Ẹmọ́ òyìnbó, èyí tí àwọn tó ń sọ Faransé láàárín wa ń pè ní cobaye, ni Scott fi ṣe ìwádìí rẹ̀ níbẹ̀. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1935.

Ní ọdún yẹn kan náà ló di olùkọ́ ní Wabash College, ní ìpínlẹ̀ Indiana, ó sì lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀. Lásìkò yẹn ni ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lórí ìrísí ẹranko nìkan, tó sì ń lọ sórí ìwà wọn: ta ní ń tẹ̀lé ta, ta ní ń bá ta jà, kí ló dé tí ẹran kan fi ń rìn nínú agbo tí òmíràn sì ń dá rìn.

Ọmọ àgùntàn kan ló là á lójú. Wọ́n já a gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní kété tí wọ́n bí i, wọ́n sì gbé e fún Scott. Òun àti ìyàwó rẹ̀ fi ìgò fún un ní wàrà fún ọjọ́ 10 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n dá a padà sáàárín àwọn àgùntàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí pápá. Ojúlówó àgùntàn ni, kò sí ohun tó ṣe ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bá agbo rìn. Bí àwọn yòókù bá ń jẹko lápá ọ̀tún, òun a wà lápá òsì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, bó ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bímọ, ó jẹ́ kí ọmọ náà mu ọmú, ṣùgbọ́n kò náání rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè tí Scott gbé kúrò níbẹ̀ rọrùn láti sọ, ó sì ṣòro láti dáhùn. Báwo ni ọjọ́ mẹ́wàá péré ṣe lè yí ìwà ẹranko padà fún ọ̀pọ̀ ọdún? Ṣé irú àsìkò bẹ́ẹ̀ wà fún àwọn ẹranko mìíràn? Bó bá wà, ìgbà wo ló ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ló sì ń parí?

Bar Harbor àti ìran ajá márùn-ún

Ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú ní ọdún 1945, nígbà tí Scott kó lọ sí Bar Harbor, ìlú kékeré kan létí òkun ní ìpínlẹ̀ Maine. Ilé ìwádìí Jackson wà níbẹ̀. Clarence Cook Little ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1929, eku tí wọ́n fi ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ ni wọ́n sì fi mọ̀ ọ́n jù. Little fúnra rẹ̀ fẹ́ràn ajá, ó ń sìn ín, ó sì padà kọ ìwé lórí bí ọmọ ajá ṣe ń jogún àwọ̀ irun. Àjọ Rockefeller Foundation ló gbé owó kalẹ̀ kí Scott lè wádìí bí àbùdá tí a bí mọ́ ẹranko ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ìwà rẹ̀. Ajá ni wọ́n yàn, nítorí pé kò sí ẹran ọ̀sìn mìíràn tí ìran rẹ̀ yàtọ̀ síra tó bẹ́ẹ̀, tó tún sún mọ́ èèyàn tó bẹ́ẹ̀.

Iná ńlá jó Bar Harbor ní oṣù Kẹwàá ọdún 1947, ó sì ba ilé ìwádìí náà jẹ́ gidigidi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún eku ló bá a lọ. Iṣẹ́ kò dúró síbẹ̀. Scott àti John L. Fuller, ẹni tí wọ́n jọ darí ìwádìí náà, ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìran ajá márùn-ún ni wọ́n kó jọ. Àkọ́kọ́ ni beagle, ajá ọdẹ tí ń fi imú tọpa ehoro. Èkejì ni fox terrier onírun líle, tí kì í gbé ìjà sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Shetland sheepdog tí wọ́n fi ń da àgùntàn. Ẹ̀kẹrin ni Basenji, ajá ọdẹ tó ti ilẹ̀ Congo wá, èyí tí kì í sábà gbó. Ẹ̀karùn-ún ni cocker spaniel, ajá kékeré onírun yẹtuyẹtu tí etí rẹ̀ gùn wálẹ̀, tí àwọn ọdẹ òyìnbó ń lò láti lé ẹyẹ jáde nínú igbó.

Cocker spaniel yìí ni gbajúmọ̀ ajá ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Láti ọdún 1936 dé 1952, kò sí ìran ajá tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tó o lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn olùsin ajá ilẹ̀ náà. Nígbà tí Richard Nixon ń du ipò igbákejì ààrẹ ní ọdún 1952, cocker spaniel kan tó ń jẹ́ Checkers ló mẹ́nu bà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n òkìkí kì í wá lásán. Nígbà tí gbogbo ayé ń wá ọmọ ajá kan náà rà, àwọn kan ń jẹ́ kó bímọ bí wọ́n ṣe rí i, láìwo ìlera abo, láìwo ìwà akọ.

Scott àti Fuller rí èso rẹ̀ nínú ọgbà tiwọn. Ajá tí ìran wọn dáa ni wọ́n rà, síbẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìran tí wọ́n sìn, nǹkan bí ìdajì péré nínú àwọn abo ló lè tọ́ ọmọ tí ara wọn dá ṣáṣá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtọ́jú tó péye ni wọ́n ń fún wọn. Ní ti cocker spaniel, àwọn tó ń fi í díje fẹ́ kí iwájú orí rẹ̀ gbòòrò kí ojú rẹ̀ sì yọ síta. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yìí yẹ ọpọlọ díẹ̀ nínú wọn wò lẹ́yìn ikú, wọ́n rí i pé omi ti gba àyè nínú ọpọlọ náà. Ẹni tó ń yan orí tó rẹwà ti yan àìsàn mọ́ ọn láìmọ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fà yọ ni pé ìwé ìran kò tó láti fi yan òbí fún ọmọ ajá. Ara rẹ̀ àti ìwà rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò.

Ohun tí wọ́n bí mọ́ ọn àti ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ

Láti ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ ajá kọ̀ọ̀kan títí tó fi pé ọdún kan ni wọ́n ń ṣọ́ ọ tí wọ́n sì ń dán an wò. Wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n láti mọ̀ bóyá yóò dúró jẹ́ẹ́. Cocker spaniel ló ń tètè dúró jù, fox terrier kì í gbà bọ̀rọ̀. Wọ́n tú eku kan sínú pápá kan. Láàárín ìṣẹ́jú kan, beagle ti rí i. Fox terrier lò tó ìṣẹ́jú 15. Bí wọ́n ṣe dán wọn wò tó, wọn kò rí ìran kan tó gbọ́n ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe níhìn-ín ni kò mọ̀ ọ́n ṣe lọ́hùn-ún.

Basenji tó ti ilẹ̀ Áfíríkà lọ ló kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ jù. Nígbà tí ọmọ Basenji bá pé ọ̀sẹ̀ 5, tí èèyàn bá na ọwọ́ sí i, yóò sá, yóò ké, yóò fẹ́ gé ọwọ́ náà jẹ. Ọmọ cocker kò rí bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń ju ìrù. Wọ́n wá mú Basenji gun cocker, wọ́n sì tún mú cocker gun Basenji. Ọmọ àdàlù méjèèjì ló bẹ̀rù èèyàn bíi Basenji, kódà èyí tó jẹ́ cocker ló bí i, tó sì fún un lọ́mú. Èyí túmọ̀ sí pé kì í ṣe ìyá ló fi ìbẹ̀rù náà kọ́ ọmọ rẹ̀. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń gbé àwọn ọmọ Basenji náà lọ́wọ́ lójoojúmọ́, tí wọ́n ń bá wọn ṣeré, ìbẹ̀rù ń dínkù títí tí ara wọn fi mọ èèyàn. Bí a ṣe bí ọmọ ní ipa tirẹ̀, bí a ṣe tọ́ ọ náà ní tirẹ̀, ọ̀kan kò sì lè gba ipò èkejì.

Ọgbà tí èèyàn kì í wọ̀

Ìdánwò tó sọ iṣẹ́ Bar Harbor di ohun tí gbogbo olùsin ajá gbọ́ jáde ní ọdún 1961. Daniel Freedman, John King àti Orville Elliot ló ṣe é. Wọ́n kó àwọn abo cocker spaniel àti beagle tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sínú pápá kan tí wọ́n fi pákó gíga yí ká. Wọ́n ń gba ihò ara ọgbà gbé oúnjẹ sí wọn, àwọn ọmọ náà kì í sì í rí èèyàn. Wọ́n wá ń mú díẹ̀ jáde fún ọ̀sẹ̀ kan péré kí wọ́n lè bá wọn ṣeré: àwọn kan ní ọ̀sẹ̀ 2, àwọn kan ní 3, ní 5, ní 7 àti ní 9. Àwọn kan kò jáde rárá títí wọ́n fi pé ọ̀sẹ̀ 14.

Àwọn ti ọ̀sẹ̀ 2 ṣì kéré jù, oorun àti ọmú ni tiwọn. Àwọn ti ọ̀sẹ̀ 3 rìn tọ èèyàn lọ lójú ẹsẹ̀. Àwọn ti ọ̀sẹ̀ 5 kọ́kọ́ ṣọ́ra díẹ̀, kò sì pẹ́ tí ara wọn fi balẹ̀. Àwọn ti ọ̀sẹ̀ 7 lo ọjọ́ méjì, àwọn ti ọ̀sẹ̀ 9 lo ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó sún mọ́ni. Ní ti àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ 14, wọ́n ti di ẹran ìgbẹ́. Odidi oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣìkẹ́ ọ̀kan nínú wọn, díẹ̀ ló sì fi yí padà. Cocker spaniel tí wọ́n ń pè ní ajá onísùúrù wà nínú wọn o.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ìwádìí yìí fi hàn pé ajá mìíràn wà tí kò gbọ́ fèrè nítorí pé kò sẹ́ni tó fọn ọ́n sí i létí nígbà tó wà ní kékeré.

Ní ọdún 1962 ni Scott kọ àlàyé gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìwé àtìgbàdégbà Science. Nígbà tó di ọdún 1965, òun àti Fuller gbé ìwé ńlá wọn jáde lórí àbùdá àti ìwà àjùmọ̀gbé ajá. Ohun tí wọ́n là sílẹ̀ nìyí: wọ́n ń bí ọmọ ajá tòun ti ojú dídì àti etí dídì. Ojú rẹ̀ ń là ní nǹkan bí ọjọ́ 13, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró nígbà tó bá kù díẹ̀ kó pé ọ̀sẹ̀ 3. Láti ìgbà náà dé ọ̀sẹ̀ 12 ni ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ jù. Ẹni tó bá rí nígbà yẹn ni yóò kà sí ará. Kò pọn dandan kí onítọ̀hún jẹ́ ẹni tó ń fún un lóúnjẹ. Kó ṣáà ti wà pẹ̀lú rẹ̀. Scott rí i pé ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ló dára jù kí ọmọ ajá kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ sílé olówó tuntun. Bó bá kúrò ṣáájú ìyẹn, kò ní mọ bí ajá ṣe ń bá ajá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé.

Ajá amọ̀nà afọ́jú

Ẹni tó kọ́kọ́ gbé ìmọ̀ yìí kúrò ní ilé ìwádìí ni Clarence Pfaffenberger. Ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àjọ tó ń kọ́ ajá láti máa mú afọ́jú rìn ní ìpínlẹ̀ California. Wàhálà wọn ni pé ọ̀pọ̀ ajá tí wọ́n ń náwó lé lórí kì í yege. Ó rìnrìn àjò lọ bá Scott ní Bar Harbor, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ pọ̀. Wọ́n ń dán ọmọ ajá wò nígbà tó ṣì kéré, wọ́n ń yan òbí tó yẹ, wọ́n sì ń gbé àwọn ọmọ náà lọ sí ilé àwọn ìdílé tí yóò tọ́ wọn láàárín ọmọdé àti àgbà. Iye tó ń yege lọ sókè gidigidi. Wọ́n tún rí i pé èyí tó bá yege ìdánwò ìgbà kékeré, tí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ sínú ilé ajá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, kì í sábà mọ afọ́jú mú rìn mọ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ní ọdún 1965 kan náà ni Scott fi Bar Harbor sílẹ̀ lọ sí Yunifásítì Bowling Green ní ìpínlẹ̀ Ohio, ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 1980. Ọ̀rọ̀ ìjà àti ìwà ipá tún gbà á lọ́kàn. Ó ti kọ ìwé kan lórí rẹ̀ ní ọdún 1958, níbi tó ti ṣàlàyé pé kò sí ohun kan nínú ẹranko tó ń tì í láti máa jà láìsí ìdí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan péjọ sí Seville ní ilẹ̀ Sípéènì ní ọdún 1986, Scott wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìwé tó sọ pé ogun kì í ṣe ohun tí wọ́n bí mọ́ èèyàn. Àjọ UNESCO gba ìwé náà wọlé ní ọdún 1989.

A kò ní fi bò pé díẹ̀ nínú àwọn ìdánwò ìgbà náà le fún àwọn ẹranko. Láti fi ajá sílẹ̀ láìrí èèyàn títí tó fi dàbí ẹran ìgbẹ́, ìyà ni. Èrè kan tí ìyà náà lè ní ni pé kí ẹnikẹ́ni má tún fi jẹ ajá mọ́ nítorí àìmọ̀.

Ohun tó kàn wá

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 èèyàn tí àrùn dìgbòlugi ń mú, ó tó 99 tó jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ààbò kìíní. Ṣùgbọ́n ajá tí ẹ̀rù èèyàn ń bà máa ń tètè bu èèyàn jẹ, ó sì ṣòro fún dókítà ẹranko láti dì í mú kó tó gún un lábẹ́rẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ń jẹ́ kí ajá bímọ nílé rẹ̀ ní iṣẹ́ láti ṣe kó tó di pé oníbàárà dé.

Kí a tó mú akọ gun abo, ẹ jẹ́ kí a wo ìwà àwọn méjèèjì. Abo tó ń gbọ̀n tàbí tó ń bínú sí gbogbo èèyàn kò yẹ lẹ́ni tí à ń gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko yẹ wọ́n wò. Ní ti cocker spaniel, etí gígùn rẹ̀ máa ń tètè ní egbò, àwọn àrùn kan sì wà tí ọmọ lè jogún, bí èyí tó ń fọ́ ojú díẹ̀díẹ̀ àti èyí tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ lè fi wọ́n hàn ṣáájú nílùú tí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ bá wà.

Bí àwọn ọmọ bá ti lajú, kí a má fi wọ́n pamọ́ sẹ́yìnkùlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìró odó, rédíò àti ọ̀kadà zémìjàn. Ẹ jẹ́ kí obìnrin gbé wọn, kí ọkùnrin gbé wọn, kí arúgbó onígọ̀ọ́pá fọwọ́ kàn wọ́n, kí ọmọdé náà bá wọn ṣeré lójú àgbàlagbà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́ tó. Kí a má nà wọ́n láti sọ wọ́n di akíkanjú. Ẹ̀rù ni pàṣán ń kọ́ ọmọ ajá. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ 4, kí a ní kó padà wá. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin kò gbà kí wọ́n ta ọmọ ajá tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ 8 lọ.

Oyún ajá kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 63 lọ. Ẹni tí abo rẹ̀ bá lóyún lónìí ní àsìkò tó láti múra sílẹ̀. Ní ọjọ́ tó bá bí, kó kọ déètì náà sára ògiri tàbí sínú ìwé, kó sì ka ọ̀sẹ̀ 12 síwájú láti ibẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, ọwọ́ onílé ni ìwà ọmọ ajá wà. Lẹ́yìn wọn, ẹni tó rà á àti ọmọ aládùúgbò rẹ̀ ni yóò máa fojú rí ohun tí onílé ṣe tàbí tí kò ṣe.